Etí Ayé ní Èbúté Èkó: Ìtàn Iṣẹ́ Ọkọ̀ Kingsport

Ẹni tí ó bá dúró ní Okaishie, ní àárín ìlú Accra, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, yóò rí ohun tí àwọn bàbá wa kò rí rí. Láàárín páálí òògùn òyìnbó àti páálí ọtí tí àwọn alágbàrù ń gbé kọjá, obìnrin oníṣòwò kan yóò yọ tẹlifóònù kékeré láti inú àpò rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yóò béèrè àlàáfíà ara, yóò sọ iye owó tí ó ń bọ̀ lọ́nà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dá tẹlifóònù náà padà sí àpò kí oníbàárà tí ó dúró níwájú rẹ̀ tó ná ọjà tán. Kò sí ẹni tí ẹnu yóò yà sí i. Ohun tí ó bá ti di ojoojúmọ́ kì í ya ènìyàn lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣòwò ní Gánà ṣáájú ọdún 1969 mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn láyé ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ará ilé gbọ́rọ̀ rẹ̀ yóò kọ lẹ́tà, tàbí kí ó wá akọ̀wé tí yóò bá a kọ ọ́, yóò sì fi lé ẹni tí ń bá mọ́tò lọ sílé lọ́wọ́. Lẹ́tà náà yóò gba Lomé àti Kútọnu kọjá kí ó tó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, a lè tẹ wáyà, ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ ni a fi ń san owó wáyà, nítorí náà ikú bàbá ẹni kò lè ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ohùn ènìyàn gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n jù lọ. A lè rí owó ẹni, a lè rí aṣọ tí ó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a rántí ọkọ̀ òkun kan tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó ní ọdún 1963. Láti inú ọkọ̀ náà ni ohùn ọmọ Áfíríkà kan ti gòkè lọ sí ojú òfuurufú, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Kingsport. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Ìtàn tiwa náà ni, ó sì ní ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀.

Kí a tó sọ ti Kingsport fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a mọ irú ìdílé tí ó ti jáde wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í dije nínú ṣíṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ńláńlá tí ó lè gbé bọ́ǹbù láti ilẹ̀ kan dé òmíràn lókè òkun. A kì í ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí a sì yí ojú sẹ́yìn. Láti ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti fò sókè títí yóò fi jábọ́, ó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀, kí etí sì máa gba ìròyìn tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń fọ̀ ránṣẹ́, kí a lè mọ̀ bóyá ó tọ ọ̀nà tàbí ó ṣìnà. Àwọn àgbà sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn láti Cape Canaveral ní Florida, wọ́n sì tò àwọn ibùdó tí ń ṣọ́ ọ sórí àwọn erékùṣù títí dé Ascension, tí ó wà láàárín òkun ní ìhà gúúsù wa. Ṣùgbọ́n erékùṣù kò pọ̀ tó, òkun sì gbòòrò. A kì í rí ibi gún òpó sí lórí omi.

Bí wọ́n ti ṣe wá ọgbọ́n dá sí i nìyí: wọ́n mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, wọ́n kó ẹrù inú wọn kúrò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rédíò àti rédà kún inú wọn. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí a máa lọ dúró sí ibi tí kò sí ilẹ̀, wọn a sì máa ṣọ́ ojú ọ̀run. Méjì tí a mọ̀ dáradára nínú wọn ni Rose Knot àti Coastal Sentry. Nígbà tí John Glenn yí ayé po ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1962, Rose Knot wà ní Òkun Àtìlántíìkì, Coastal Sentry wà ní Òkun Íńdíà, nígbà tí ibùdó Kano ní Nàìjíríà àti ti Zanzibar ní ìlà oòrùn Áfíríkà ń gba ohùn rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ní ọdún 1963, Amẹ́ríkà tún fi ọkọ̀ ńlá méjì kún wọn, General H. H. Arnold àti General Hoyt S. Vandenberg, tí wọ́n ti kó ọmọ ogun rí nígbà ogun. Èyí èkejì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì sínú òkun ní Key West ní ọdún 2009, kí ó lè di ilé fún ẹja.

Àwọn ará Rọ́ṣíà pẹ̀lú kò sùn. Nígbà tí Yuri Gagarin di ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó dé ojú òfuurufú, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1961, òkè ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ padà sílé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe rán ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, Krasnodar, Ilyichevsk àti Dolinsk, wá sí Òkun Àtìlántíìkì láti gba ìròyìn rẹ̀. Ẹ wòye ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní àwọn ọdún tí Gánà àti Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí a ń ta àsíá tuntun sókè, etí àwọn alágbára méjèèjì ti wà nínú omi tí ó ń san dé ẹsẹ̀ wa. Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: ìfigagbága wọn ni ó sọ etíkun wa di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Nínú ìdílé àwọn ọkọ̀ olùṣọ́ yìí ni Kingsport wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun ni a fi í ṣọ́, bí kò ṣe sátẹ́láìtì tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ kan dé èkejì.

Ìlú Los Angeles ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ń gbóná. Kingsport Victory ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Victory túmọ̀ sí ìṣẹ́gun, orúkọ yìí ni wọ́n sì fi pe gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tí ó jẹ́ irú rẹ̀. Wọ́n kọ́ irú wọn ju 500 lọ, ní kíákíá, nítorí pé àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ akẹ́rù láìdáwọ́ dúró. Kingsport fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Gígùn ọkọ̀ náà jẹ́ 455 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sí ohun àrà kan lára rẹ̀: ó ń kó ẹrù, ó ń já ẹrù. Nígbà tí ogun parí, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sin ilé iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ láti 1948. Ní ọdún 1950 ó bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ ológun ojú omi, ó sì ń bá ẹrù kíkó lọ. Àwọn tí ń tu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ogun, ará ìlú lásán ni wọ́n, tí ilé iṣẹ́ ológun ojú omi gbà síṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1961 ni, bóyá à bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Ní ọdún náà, àwọn ológun Amẹ́ríkà ń gbèrò láti gbé sátẹ́láìtì kan sókè tí wọn yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé. Advent ni wọ́n pe ètò náà. Wọ́n rò ó pé ó yẹ kí ibùdó kan wà tí ó lè rìn, tí a lè gbé lọ sí etíkun èyíkéyìí, nítorí náà wọ́n mú Kingsport Victory lọ sí ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n gé Victory kúrò lára orúkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n gbé abọ́ irin ńlá kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 ẹsẹ̀ bàtà. Abọ́ yìí ni ń gba ohùn láti òkè, òun náà ni ó sì ń rán ohùn padà. Kí afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ òkun má bàa bà á jẹ́, wọ́n fi ilé róbótó tí a fi ike ṣe bò ó, èyí tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bí ẹni fẹ́ bọ́ọ̀lù. Fífẹ̀ ilé yìí jẹ́ 53 ẹsẹ̀ bàtà. Kingsport ni ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ láyé tí a ṣe fún sísọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì.

Ìṣòro tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò kéré. Ẹni tí ó dúró sórí ilẹ̀ lè na ìka sí ìràwọ̀ kan kí ìka rẹ̀ má mì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lórí omi kì í dúró: ìgbì ń gbé e sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń mú abọ́ náà dúró gangan sí ibi tí sátẹ́láìtì wà, bí ó ti wù kí ọkọ̀ mì tó, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó ru omi ti máa ń rìn kọjá nínú gbágungbàgun láìjẹ́ kí omi orí rẹ̀ dànù.

Ètò Advent forí ṣánpọ́n ní 1962. Wọ́n pa á tì nítorí pé owó rẹ̀ ń gòkè, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tẹ̀ síwájú. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, sátẹ́láìtì kò sí. Àjọ Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀ràn òfuurufú, èyí tí a mọ̀ sí NASA, ni ó wá rí ọkọ̀ náà lò. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Hughes, tí Harold Rosen jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ti ṣe sátẹ́láìtì kékeré kan tí wọ́n pe ní Syncom. Ìrísí rẹ̀ dà bí ti ìlù: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 28 íńṣì, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 15. Lójú ọ̀run kò wúwo ju 39 kìlógíráàmù lọ, èyí tí kò tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ìjíròrò tẹlifóònù kan ṣoṣo ni ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Syncom àkọ́kọ́ gòkè ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1963. Ó gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan iná tí yóò tì í sí ipò rẹ̀, ohùn rẹ̀ dákẹ́, kò sì dáhùn mọ́. Syncom kejì gòkè ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún kan náà, èyí ni ó sì yè. Ó wà ní nǹkan bí 22,300 máìlì sókè. Ní ibi gíga yẹn, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ó fi ń yí ayé po, gẹ́gẹ́ bí ayé pẹ̀lú ti ń fi wákàtí mẹ́rìnlélógún yí ara rẹ̀ po, nítorí náà kì í wọ̀ lójú ẹni. Kì í sì í dúró lójú kan pátápátá: ó ń lọ sí àríwá, ó ń padà sí gúúsù, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí òǹkà 8. Láti ojú ibẹ̀, lókè Àtìlántíìkì àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó lè rí Lakehurst ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ó sì lè rí Èkó. Abọ́ Kingsport ń tẹ̀ lé e lọ sókè sódò láti èbúté Èkó.

Ọjọ́ tí ó mú orúkọ ọkọ̀ náà wọ inú ìwé ìtàn ni ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Ní ọjọ́ náà, Ààrẹ John F. Kennedy ní Washington bá Olórí Ìjọba Nàìjíríà, Alhaji Sir Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ohùn Kennedy gba orí wáyà dé Lakehurst, ó gòkè lọ bá Syncom, ó sì já wálẹ̀ sínú abọ́ tí ń bẹ ní ẹ̀yìn Kingsport ní Èkó. Ohùn Balewa gba ọ̀nà kan náà padà. Ó ju 40,000 máìlì lọ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn ní àlọ àti àbọ̀ sátẹ́láìtì, síbẹ̀ kò gbà ju ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lọ kí ó tó dé etí ẹnì kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Kì í ṣe London ni a ti dáhùn, kì í ṣe Paris, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Tokyo. Èkó ni.

Ó yẹ kí a rántí bí ayé ti rí ní àwọn ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ni ó ti kọjá tí Dick Tiger na Gene Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, tí àwọn ènìyàn sì ń jó kiri ìgboro. Ọjọ́ méjìdínlógún ni ó ti kọjá tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Bìrìtìkó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Moscow pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́, lójú òfuurufú àti lábẹ́ omi. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn àlejò létí wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé dán bọ́ǹbù tirẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sórí ilé wa. Láti Accra ni àwọn ènìyàn kan ti gbéra ní ìparí 1959, wọ́n fẹ́ fi ara wọn dí ọ̀nà bọ́ǹbù náà. Ìjọba Nkrumah gbé ẹsẹ̀ lé owó àwọn Faransé ní Gánà. Ìjọba Balewa lé aṣojú ilẹ̀ Faransé kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1961. Nítorí náà, nígbà tí ohùn ọmọ Áfíríkà kọ́kọ́ gba ojú ọ̀run kọjá, kì í ṣe ohùn ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún náà, ọjọ́ kan ni ó kù kí ìjíròrò náà pé oṣù mẹ́ta, wọ́n yìnbọn pa Kennedy ní Dallas. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n pa Balewa nígbà tí àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ gba ìjọba. Ẹni méjèèjì tí wọ́n fi ohùn wọn dán ọ̀nà tuntun wò kò pẹ́ láyé tó láti rí bí ọ̀nà náà yóò ti gbòòrò tó.

Ọkọ̀ náà pẹ̀lú kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó tú ìdákọ̀ró, ó kúrò ní Èkó, ó sì ń bá iṣẹ́ sátẹ́láìtì lọ nínú omi mìíràn títí di 1966. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, Syncom kẹta gòkè, èyí tí ó dúró lójú kan gangan lókè Òkun Pàsífíìkì. Òun ni ó gbé àwòrán eré Òlíńpíìkì láti Tokyo lọ sí Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Lẹ́yìn 1966, wọ́n yí iṣẹ́ Kingsport padà pátápátá. Etí tí ó ti kọjú sí òkè, wọ́n yí i sí ìsàlẹ̀. Ó di ọkọ̀ tí ń ran àwọn ológun ojú omi lọ́wọ́ láti gbọ́ ìró abẹ́ òkun, níbi tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Rọ́ṣíà ń gbà kọjá. Nínú irú iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó darúgbó sí, títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ.

Níbí ni ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀, kí a padà sí Accra. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìníṣà, ará Ṣakí, ará Ìlọrin, tí wọ́n ti ń ta ọjà láti ìgbà èwe wọn, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, di ẹrù mọ́tò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọdún mẹ́fà ti kọjá nígbà náà tí ohùn ti gba ojú ọ̀run láti Washington dé Èkó. Ṣùgbọ́n fún oníṣòwò tí a lé ní Accra, kò sí ọ̀nà ojú ọ̀run kankan. Kò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Mo ń bọ̀ o, ẹ bá mi wá yàrá.” Ilé mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ ròyìn ìpadàbọ̀ ọmọ fún ìyá.

A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Amẹ́ríkà kò ṣèlérí fún wa pé Kingsport yóò di tiwa. Tiwọn ni ọkọ̀ náà, tiwọn ni sátẹ́láìtì, iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n sì bá wá. Wọ́n dá wa lọ́lá nínú rẹ̀, ọlá náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni etí ni ó mọ ohun tí òun ń fi í gbọ́. Nígbà tí ó wù ú, ó fi í gbọ́ ohùn Olórí Ìjọba wa. Nígbà tí kò wù ú mọ́, ó kó o lọ sí abẹ́ òkun. Àwọn tí a gbà lálejò sí èbúté wa ti lọ, èbúté sì kù.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé. Ilẹ̀ Ṣáínà ní àwọn tirẹ̀ tí ó ń pè ní Yuan Wang, tí ń tọ ipa sátẹ́láìtì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Yuan Wang 5, gúnlẹ̀ sí èbúté Hambantota ní Sri Lanka ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọkàn Íńdíà tí ó múlé gbè wọ́n kò balẹ̀ rárá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ fún etí tí ó mú tó bẹ́ẹ̀ pé èyí ni kí o gbọ́, èyí ni kí o má gbọ́. Ìjọba tí ó bá ní èbúté gbọ́dọ̀ ní àwọn ọmọ tirẹ̀ tí wọ́n lè wọ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀rọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ó dùn mọ́ wa láti sọ pé ilẹ̀ wa kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1971, Nàìjíríà ṣí ibùdó sátẹ́láìtì tirẹ̀ ní Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láàárín oko àti igbó. Ní 1981, Gánà ṣí tirẹ̀ ní Kuntunse lẹ́yìn odi Accra, pẹ̀lú abọ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 32 mítà, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti Kingsport lọ. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí ó jẹrà. Àwọn onímọ̀ Gánà àti ti Gúúsù Áfíríkà tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró àwọn ìràwọ̀. Ní oṣù keje ọdún kan náà, sátẹ́láìtì kékeré méjì jọ bọ́ sójú òfuurufú láti inú ilé tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́ sí òkè: ọ̀kan jẹ́ ti yunifásítì All Nations ní Koforidua ní Gánà, èkejì jẹ́ ti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó lọ fi ọwọ́ ara wọn tò wọ́n ní Japan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju kìlógíráàmù kan tàbí díẹ̀ lọ, wọn kò sì sí lójú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti ṣe kékeré rí kò ní bẹ̀rù ńlá.

Síbẹ̀, kí a má tan ara wa jẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mélòó kan bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Láàárín wákàtí díẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì di ohun ọ̀wọ́n ní Gánà, ní Nàìjíríà, ní Benin àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Báńkì kò lè sanwó bí ó ti yẹ, oníṣòwò kò lè rí oníbàárà rẹ̀. Ó di dandan kí ọkọ̀ òkun wá láti lọ fa wáyà náà sókè kí a tó lè tún un ṣe, èyí sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọgọ́ta ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn Kingsport, a tún dúró létí omi, à ń retí ọkọ̀.

Ohun tí ìtàn Kingsport ń sọ fún wa nìyí: ohùn wa kò fìgbà kan kéré ju kí ayé gbọ́ ọ lọ, ọ̀nà tí ohùn náà ń gbà ni kò tíì di tiwa tán. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Bí Gánà àti Nàìjíríà, Benin àti Togo, bá pa owó pọ̀ láti fi wáyà orí ilẹ̀ so ìlú wọn pọ̀, tí wọ́n sì ní ọkọ̀ tí wọn yóò fi máa tún ti abẹ́ òkun ṣe, ohun tí ó já ní Abidjan kò ní pa ẹnu mọ́ ní Okaishie. Bí a bá sì kọ́ àwọn ọmọ wa ní Koforidua àti ní Àkúrẹ́ dé ibi tí wọ́n lè dé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ tí ó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó tàbí ti Tema, tí ó kọ etí sí ojú ọ̀run, yóò máa ta àsíá wa.

Obìnrin tí a rí ní Okaishie ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò mọ orúkọ Kingsport, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ó ti padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú ìjọba tí yóò máa béèrè lójoojúmọ́ pé: lọ́la, bí ó bá tún tẹ tẹlifóònù náà, ta ni ó ni ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ yóò gbà dé Ògbómọ̀ṣọ́?